Páìpù ₦115,000 tó ń pariwo: ẹ má kó sọ́wọ́ wọn bíi tèmi

Ẹ̀yin ará tí ẹ ní ọkọ̀, ₦115,000 ni mo fi ra ariwo. Mi ò sọ ọ́ láti pa yín lẹ́rìn-ín o. Ariwo ni mo rà, mo sanwó ẹ̀ lójú ẹsẹ̀, mo tún fún ọmọ iṣẹ́ tó so ó mọ́ ọkọ̀ ní ₦2,000 kó fi jẹun.

Corolla 2005 ni mo ń wà, tòkúnbọ̀, ẹ́ńjìnnì 1.8 tí wọ́n ń pè ní 1ZZ. Kò sóhun tó ṣe é. Ọmọ àbúrò ìyàwó mi ló fi Civic rẹ̀ já mi sílẹ̀ lórí Third Mainland lọ́jọ́ Àìkú kan, tó tún wá fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nídìí oúnjẹ lójú àwọn ọmọ mi. Ó ká mi lára, kí n má purọ́. Ta ni kò ní ká lára? Nígbà tó fi máa di Ọjọ́rú, mo ti wà ní Ládípọ̀, ọjà tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀.

Mi ò ní dárúkọ onísọ̀ náà. "Alàgbà, ẹ jókòó," ló kọ́kọ́ wí, ó sì gbé omi tútù fún mi. Omi tútù! Bí wọ́n ṣe ń fún ẹran lómi kí wọ́n tó dú u nìyẹn, èmi ò mọ̀. Ó gbé páìpù pupa kan jáde, ó ń dán, fílítà orí ẹ̀ ṣe ṣóńṣó bí òkòtó. Cold air intake ni wọ́n kọ sára páálí ẹ̀, ìyẹn páìpù tó ń fa atẹ́gùn tútù sínú ẹ́ńjìnnì. Ó ní imú ẹ́ńjìnnì mi ló dí, kò rí èémí mí, pé tí òun bá gbé èyí sí i, 25 hp ló máa fi kún agbára ẹ̀, epo tó ń jẹ á sì dínkù. 25 hp! Ẹ́ńjìnnì tó jẹ́ pé nǹkan bí 130 ni gbogbo agbára tí Toyota fi sínú ẹ̀! Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú márùn-ún, látinú páìpù lásán. Mo kàwé o. Ìṣirò ni mo fi ń jẹun. Síbẹ̀ mo mi orí.

Bí mo ṣe ń kówó jáde, ó tún mú fáànù kékeré kan wá, ó ní turbo ni, ohun tó ń ti atẹ́gùn sínú ẹ́ńjìnnì. ₦30,000 nínú owó yẹn ni tiẹ̀. Ẹ gbọ́ ná: bí ẹ́ńjìnnì 1.8 bá ń sáré dé 6,000 lórí aago, ìyẹn ni pé ó ń yí ní ìgbà 6,000 ní ìṣẹ́jú kan, nǹkan bí 90 lítà atẹ́gùn ló ń fà sínú ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Fáànù tí kò ju ti inú kọ̀ǹpútà lọ ni yóò wá bá a ti atẹ́gùn? Ńṣe ló ń dínà fún un. Turbo gidi, èéfín tó ń jáde látinú ẹ́ńjìnnì ló ń yí i. Mo mọ̀ ọ́n báyìí. Lọ́jọ́ yẹn ńkọ́? Ife omi tútù wà lọ́wọ́ mi.

Nígbà tí mo tẹná, ọkọ̀ bú ramúramù. Mo búra pé ó ń fò. Etí ló tàn mí: àpótí fílítà tí Toyota ṣe ló ń bo ohùn yẹn mọ́lẹ̀ tẹ́lẹ̀, wọ́n yọ ọ́, ohùn jáde, eré ò fi nǹkan kan lé. Ìyàwó mi ní, "Bàbá Tọ́ba, ṣé sálẹ́ńsà ló já ni?" Mo ní kó panu mọ́. Mo ti bẹ̀ ẹ́.

A dé Ọ̀ṣọ́dì, sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, oòrùn mú, ọkọ̀ ò fà mọ́. Lọ́jọ́ kẹrin, iná ẹ́ńjìnnì tàn. Rewáyà fi ẹ̀rọ yẹ̀ ẹ́ wò, ó gbé P0171 jáde, ìyẹn ni pé atẹ́gùn pọ̀ ju epo lọ. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó rí páìpù pupa, ó bú sẹ́rìn-ín, ó sì pe àwọn ọmọ iṣẹ́ ẹ̀ kí wọ́n wá wò ó. Èmi àgbàlagbà!

Òun ló là mí lójú. Àpótí tí wọ́n yọ, níwájú ọkọ̀ lọ́hùn-ún ló ti ń fa atẹ́gùn tútù. Òkòtó tèmi jókòó ti ẹ́ńjìnnì, ooru ló ń fà sínú, bẹ́ẹ̀ "cold" ni wọ́n kọ sí i lára. Atẹ́gùn tó bá fi 10°C gbóná sí i á fi bí ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún fẹ́lẹ́ sí i, agbára ọkọ̀ á sì bá a lọ. Sẹ́ńsọ̀ MAF tó ń wọn atẹ́gùn, orí àpótí yẹn ló ń gbé. Wọ́n ti ṣí i lọ sínú páìpù tí fífẹ̀ ẹ̀ yàtọ̀, iye tó ń rán sí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ò bá òótọ́ mu mọ́, òróró tí wọ́n fi pa fílítà sì ti lẹ̀ mọ́ wáyà ara ẹ̀.

Kí n má ṣèké, èyí tí wọ́n fara balẹ̀ ṣe fún irú ọkọ̀ kan pàtó, tí ooru ò lè dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, lè fi hp díẹ̀ kún un nígbà tí eré bá dé òkè pátápátá. Ọkọ̀ tó ní turbo gidi, tí wọ́n tún kọ̀ǹpútà ẹ̀ tò, ló ń jẹ àǹfààní ẹ̀ jù. Ṣùgbọ́n níbo lẹ fẹ́ sáré 6,000 lọ láàárín Mushin àti Ìkẹjà?

Èyí tó dùn mí jù ń bọ̀. Mo padà lọ gba àpótí mi. Ó ní àwọn ti dà á nù, ìdọ̀tí ni. Ọmọ iṣẹ́ ẹ̀, ẹni tí mo fún lówó oúnjẹ, ló mú mi lọ sí ìsọ̀ kẹta sí tiwọn, wọ́n ta òmíràn fún mi ní ₦28,000. Mo délé, mo fẹ́ tì í, mo rí wáyà aláwọ̀ ewé tí wọ́n fi so ìdérí ẹ̀ níbi tó ti kán. Ọwọ́ mi ni mo fi so wáyà yẹn nígbà ọyẹ́. Ẹrù mi ni wọ́n tà fún mi! Mo jókòó sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mi ò lè sọ̀rọ̀.

Olè ni gbogbo wọn. Bí ìyá oníbọ̀ọ̀lì bá ní bọ̀ọ̀lì òun gbóná báyìí, mo máa ń fọwọ́ kàn án kí n tó sanwó.

Ẹ má fi àpótí yín sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn láé. Ẹ béèrè ìwé dyno, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń wọn agbára ọkọ̀, ti ọkọ̀ tó rí bíi tiyín gẹ́lẹ́. Tí kò bá sí, ẹ máa lọ. Ti epo tó ń dínkù yẹn, EPA, àjọ tó ń dáàbò bo àyíká ní Amẹ́ríkà, ti yẹ ohun tó lé ní 100 wò nínú àwọn nǹkan tí wọ́n ní ó ń dín epo kù, wọn ò rí èyí tó dín in kù lọ́nà tó ní láárí. Fílítà oníwèé, ẹ pààrọ̀ ẹ̀ tó bá dọ̀tí, ó tán. Páìpù gígùn tó lọ sísàlẹ̀ lẹ́yìn bọ́ńpà, ẹ má gbé e wọ omi àgbàrá Lẹ́kí o, á fa omi sínú, omi kì í ṣeé fún pọ̀, irin inú ẹ́ńjìnnì á tẹ̀.

Páìpù pupa wà lábẹ́ àtẹ̀gùn ilé mi. Ọmọ àbúrò ìyàwó mi ti béèrè lẹ́ẹ̀mejì bóyá mo máa tà á. Mi ò tíì dá a lóhùn.