Àyẹ̀wò ìsanrajù ní ilé ìwòsàn kan ní Ìbarà, Abẹ́òkúta

Mo tẹ̀lé àbúrò mi obìnrin lọ sí ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Ìbarà tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tó sanra jù, òun fúnra rẹ̀ ló sì ní kí n kọ ohun tí a rí. Ọgbà wọn mọ́, wọn kì í sì í dá èèyàn dúró pẹ́. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni bóyá wọ́n máa ń wádìí bí ẹni tó sanra ṣe ń jẹun, àti bóyá àìsàn wà nídìí jíjẹ náà, kí wọ́n tó pàṣẹ pé kó dín oúnjẹ kù.

Ìbẹ̀rẹ̀ kò dùn mọ́ mi. Orí òṣùwọ̀n tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, lójú gbogbo àwọn tó jókòó, ni nọ́ọ̀sì ní kó gùn, ó sì pariwo iye kílò rẹ̀ sí ẹnì kejì tó ń kọ káàdì. Kò tíì fojú kan dókítà tí wọ́n fi fún un ní ìwé oúnjẹ: kò gbọdọ̀ fẹnu kan láfún, kò sì gbọdọ̀ jẹ ohunkóhun lẹ́yìn aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Bí ẹni náà bá wá jẹ́ ẹni tí àjẹjù ń dà láàmú, ebi tí irú òfin bẹ́ẹ̀ ń dá sílẹ̀ gan-an ló máa ń tì í padà sídìí ìkòkò.

Dókítà wọn ló gba iṣẹ́ náà là. Ó ti ìwé oúnjẹ yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó bẹ̀ mí kí n jókòó síta, nítorí náà ẹnu àbúrò mi ni mo ti gbọ́ ìyókù. Ó bi í pé, “Ṣé ìgbà kan máa ń wà tí ẹ ń jẹun, tí ẹ mọ̀ pé ó ti tó, síbẹ̀ tí ọwọ́ yín kọ̀ tí kò kúrò nínú abọ́?” Kò sẹ́ni tó bi í bẹ́ẹ̀ rí. Ó jẹ́wọ́ pé bí gbogbo ilé bá ti sùn, òun a wọ ilé ìdáná láì tan iná, òun a jẹ láfún tútù àti ohunkóhun tó bá kù títí inú yóò fi máa ro òun, ìtìjú kì í sì í jẹ́ kí òun lè sùn. Dókítà béèrè bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ lemọ́lemọ́ tó, nítorí pé láti ọdún 2013 tí àwọn dókítà ọpọlọ ní Amẹ́ríkà ti ka irú àjẹjù yìí sí àìsàn tó dá dúró, ohun tí wọ́n ń wò ni àjẹjù tí èèyàn kò lè dá dúró, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, pẹ̀lú ìdààmú ọkàn lórí rẹ̀. Kò sí ìwọ̀n ara nínú ohun tí wọ́n fi ń dá a mọ̀, ọ̀pọ̀ àwọn tó sanra ni kò sì ní in.

Ó tún béèrè bóyá ó máa ń fi ìka wá èébì, tàbí kó máa mu tíì tó ń fọ inú, irú èyí tí wọ́n ń polówó ní ọjà Kútọ̀ pé ó ń fa ikùn wọlé. Nígbà tó ní òun máa ń mu tíì náà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láti wo pòtásíọ́mù, èròjà oníyọ̀ kan nínú ẹ̀jẹ̀, nítorí irú tíì bẹ́ẹ̀ lè mú un lọ sílẹ̀, bó bá sì lọ sílẹ̀ jù, ó lè da lílù ọkàn rú. Èyí wú mi lórí púpọ̀.

Ohun méjì ló kù díẹ̀ káàtó. Kò béèrè bóyá ó ti febi pa ara rẹ̀ rí títí ara rẹ̀ fi fọn lójijì, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ṣì tóbi lójú lè ní àìsàn ìfebi-para-ẹni, tí àwọn ará ilé á sì máa kí i kú oríire. Èkejì ni pé wọ́n sọ pé kó lọ rí àwọn onímọ̀ ọpọlọ ní Aro, ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń tọ́jú àìsàn ọpọlọ, wọn kò sì ṣàlàyé ìdí rẹ̀. Ní Abẹ́òkúta níbí, bí wọ́n bá ti dárúkọ Aro, wèrè ni èèyàn máa ń rò. Àbúrò mi bi mí lójú ọ̀nà pé, “Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé orí mi ló dàrú ni?” Ó yẹ kí wọ́n ti sọ fún un pé ìtọ́jú tó múná dóko jù fún àjẹjù yìí ni èyí tí wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ ṣe, tí wọ́n ti ń kọ́ èèyàn láti máa jẹun lásìkò, kó sì mọ ohun tó máa ń ti òun sídìí àjẹjù, àti pé irú àwọn tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń rán an sí.

Nítorí dókítà yẹn, màá ṣì rán ẹlòmíràn lọ síbẹ̀. Kí onítọ̀hún ní kí wọ́n wọn òun nínú yàrá, kó má sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé ìwé oúnjẹ tí nọ́ọ̀sì bá fún un títí dókítà yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò.