Búrẹ́dì Agége: ọ̀nà tí Shackleford là ṣì ń bọ́ Èkó

Búrẹ́dì tí ẹ lè fi kó ẹ̀wà agọ̀yìn láì rún sínú abọ́, ti Agége ni. Amos Shackleford, ọmọ Jàmáíkà tó wá ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Nàìjíríà ní 1913, ló dá ilé búrẹ́dì sílẹ̀ ní Èkó ní 1921. Òwò náà gbòòrò dé Gánà, wọ́n sì ń pè é ní ọba búrẹ́dì.

Ẹ̀rọ tó mú wọ iṣẹ́ yìí la gbóríyìn fún jù. Irin roboto méjì ló ń tẹ fùláwà tí wọ́n ti pò. Wọ́n á ká a, wọ́n á tún tì í wọlé, léraléra, títí tó fi máa dán tó sì máa fà. Omi rẹ̀ kì í pọ̀, torí tó bá pọ̀, á lẹ̀ mọ́ irin. Ìdí nìyẹn tí inú rẹ̀ fi ki, tó sì ṣeé fà ya. Èyí tí wọn ò tẹ̀ tó á máa rún ni.

Àléébù rẹ̀: àwọn kan máa ń sáré dì í sínú ọ̀rá nígbà tó ṣì gbóná. Ooru á di omi, búrẹ́dì á sì tètè bu. Ẹ má ra èyí tí ọ̀rá rẹ̀ ń làágùn. Ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́ wò. Ojúlówó á padà sípò. Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC lára ọ̀rá pẹ̀lú, torí àjọ náà ti fòfin de potassium bromate tí àwọn kan fi ń mú un wú. Ṣúgà rẹ̀ ìbá dín díẹ̀, àmọ́ ó yẹ lówó.