Challenge Cup Ọdún 2025: Ìbẹ̀rẹ̀ Rẹ̀ Fà Jù, Ṣùgbọ́n Òpin Rẹ̀ Tó Owó Tí A San

Ẹni tó bá ń rò ó bóyá ìdíje Challenge Cup ti rọ́gbì líìgì nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣì jẹ́ ohun tó yẹ kí èèyàn ná owó àti àkókò lé lórí, ti ọdún 2025 ni kó gbé yẹ̀ wò, nítorí pé àléébù ìdíje náà àti iyì rẹ̀ hàn kedere láàárín sáà kan ṣoṣo yìí. Èrò tèmi ni pé àwọn tó ṣètò rẹ̀ fi ìpele kan tí adùn rẹ̀ kò tó nǹkan há a ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, àmọ́ láti oṣù Kẹta títí di ọjọ́ 7 oṣù Kẹfà tí wọ́n gbá àṣekágbá ní Wembley, ìdíje náà kò fi ẹnikẹ́ni tó wò ó ṣòfò.

Kí n kọ́kọ́ là á yé ẹni tó jẹ́ pé bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá nìkan ló mọ̀. Rọ́gbì méjì ló wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún 1895 ni wọ́n pínyà, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ìhà àríwá pàdé ní ilé ìtura George nílùú Huddersfield, tí wọ́n sì yọ ara wọn kúrò lábẹ́ àjọ tó ń darí eré náà, nítorí pé àjọ yìí kọ̀ jálẹ̀ pé wọn kò gbọ́dọ̀ san owó iṣẹ́ tí awakùsà tàbí òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ bá pàdánù ní ọjọ́ tó lọ gbá bọ́ọ̀lù. Ti àwọn ará àríwá ni líìgì. Àwọn 13 ló wà nínú ikọ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ̀ẹ̀mẹfà péré ni wọ́n sì lè dá wọn mọ́lẹ̀ pẹ̀lú bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ kí bọ́ọ̀lù tó di ti alátakò. Ẹni tó bá tẹ bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ìlà alátakò ti gba tráì, àmì 4 nìyẹn. Bí wọ́n bá wá gbá a gba àárín òpó lẹ́yìn tráì, ó di àmì 2 sí i. Pẹnárítì náà jẹ́ àmì 2, nígbà tí drop goal, tí wọ́n máa ń gbá nígbà tí eré ṣì ń lọ lọ́wọ́, jẹ́ àmì 1. Òǹkàwé tó bá fi àwọn iye wọ̀nyí sọ́kàn kò ní ṣìnà nínú ohun tó kù.

Ìdíje náà ti dàgbà gan-an. Sáà 1896 sí 1897 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, Batley ló sì kọ́kọ́ gba ife náà nígbà tí wọ́n na St Helens ní 10 sí 3 ní pápá Headingley. Láti ọdún 1929 ni wọ́n ti ń gbé àṣekágbá lọ sí Wembley, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ọdún kan wà tí wọ́n gbá a níbòmíràn. Títí di òpin ọdún 2025, Wigan ló gba ife náà jù, ìgbà 21, èyí tó sì gbẹ̀yìn nínú wọn ni ti ọdún 2024.

Àtúntò tó mú kí n sọ pé ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ fà jù ni pé ní 2025, ìpele kẹta ni wọ́n ti mú ẹgbẹ́ 12 tó wà ní Super League, líìgì tó ga jù nínú eré náà, wọlé, tí wọ́n sì ní kí gbogbo wọn lọ bá àwọn ẹgbẹ́ tó kéré sí wọn nílé. Tẹ́lẹ̀ rí, ìdíje á ti rìn jìnnà kí àwọn ńláńlá yìí tó yọjú. Èrò tó wà lẹ́yìn àtúntò náà kò burú rárá: wọ́n fẹ́ kí àwọn ará ìlú kéékèèké fojú kan àwọn agbábọ́ọ̀lù tí wọ́n máa ń rí lórí tẹlifíṣọ̀n, kí owó ẹnu ọ̀nà sì wọlé fún àwọn ẹgbẹ́ tí kò rí jájẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tí Leeds Rhinos bá pàdé Wests Warriors, àwọn ọmọ London tí wọ́n níṣẹ́ mìíràn tí wọ́n ń ṣe jẹun, tí St Helens sì kojú West Hull, àfi bí ẹni tó ń wo àgbàlagbà tó ń bá ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi jìjàkadì. Kí ìṣẹ́jú 20 tó pé, kò sí ohun tí òǹwòran ń retí mọ́. Mi ò bínú sí àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó gbá a; ó dá mi lójú pé wọ́n á máa ròyìn ọjọ́ náà fún àwọn ọmọ wọn. Òǹwòran tó sanwó láti wo ìdíje ni mo ń gbèjà.

Bradford Bulls ni wọ́n gba ìpele náà sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀gàn. Ẹgbẹ́ yìí ti gba ife náà rí ní 2000 àti 2003 kí ìyà owó tó lé wọn kúrò láàárín àwọn ẹgbẹ́ ńlá, ní ọdún yìí ni wọ́n sì lé Castleford Tigers tó wà ní Super League jáde. Èyí fi hàn pé bí àwọn aláṣẹ bá fẹ́ ìpele kẹta, àwọn ẹgbẹ́ tó wà ní ìsàlẹ̀ Super League àti àwọn tó wà lókè líìgì tó tẹ̀lé e ni kí wọ́n so pọ̀, kí wọ́n sì jẹ́ kí àwọn tó kù sinmi.

Oṣù Kẹta ni ojú là. Wigan, tó gba gbogbo ife tó wà nílẹ̀ ní 2024, gba Hull FC lálejò. Ipò kejì sí ìsàlẹ̀ pátápátá ni Hull FC wà nínú tábìlì Super League ọdún tó ṣáájú, kò sì sí ẹni tó fojú sí wọn lára. Àkókò eré pé, kò sẹ́ni tó borí, wọ́n wá wọ àfikún àkókò tí ẹni tó bá kọ́kọ́ gba àmì nínú rẹ̀ ti yege, ni Hull FC bá gba tráì tó sọ ọ́ di 26 sí 22. Bí ìdíje yìí ṣe rí gan-an nìyẹn: nínú Super League, Wigan ì bá gbàgbé ọjọ́ náà ní ọ̀sẹ̀ kejì, àmọ́ níbi tó jẹ́ pé ẹni tó bá fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀kan ti di ará ilé, àlébá kò sí.

Ẹ̀bùn tí Hull FC rí gbà lẹ́yìn iṣẹ́ yìí ni Hull KR. Ìlú kan náà ni àwọn méjèèjì. Odò Hull ló là wọ́n sí méjì, ẹgbẹ́ aláṣọ dúdú àti funfun ní ìwọ̀-oòrùn, aláṣọ pupa àti funfun ní ìlà-oòrùn. Ẹgbẹ́ tí ẹnì kan ń tì lẹ́yìn nílùú yẹn máa ń jẹ́ ogún ìdílé, kò sì rọrùn láti yí i padà. Àwọn ará ìlà-oòrùn ló borí, wọ́n sì tẹ̀ síwájú láti na Catalans Dragons, àwọn ará Perpignan nílẹ̀ Faransé, ní York. Ní ẹ̀gbẹ́ kejì, àmì kan ṣoṣo ni Warrington Wolves fi ré Leigh kọjá, 21 sí 20. Àwọn tó kórìíra ìdààmú ọkàn kò gbọdọ̀ wo irú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Kò ṣeé ṣe láti mọ bí àṣekágbá náà ti wúwo tó láìmọ ìtàn Hull KR. Kí 2025 tó dé, ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n ti gba ife yìí rí, ní 1980, nígbà tó jẹ́ pé Hull FC gan-an ni wọ́n nà ní 10 sí 5. Ìlú Hull tú sí London lọ́jọ́ náà débi pé ẹnì kan kọ ọ́ sí ẹ̀bá ọ̀nà pé kí ẹni tó bá jáde gbẹ̀yìn bá wọn pa iná. Clive Sullivan wà nínú ikọ̀ 1980 yẹn, ọmọ Cardiff tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ará Jàmáíkà, òun sì ni balógun ikọ̀ Great Britain tó gba ife àgbáyé ní 1972. Títí di òní, ẹni tó bá wakọ̀ wọ Hull láti ìwọ̀-oòrùn, ojú ọ̀nà Clive Sullivan Way ló ń gbà. Lẹ́yìn ayọ̀ yẹn, ìyà ló tẹ̀lé e. Castleford fi àmì kan gba ife mọ́ wọn lọ́wọ́ ní 1986, Leeds fi 50 sí òdo dójú tì wọ́n ní 2015, Leigh sì tún fi àmì kan là wọ́n ní 2023 nínú àfikún àkókò. Láti 1985 títí di àṣekágbá 2025 yìí, wọn kò gba ife ńlá kankan.

Nítorí náà, nígbà tí Josh Thewlis gba tráì fún Warrington, tí Marc Sneyd sì gbá bọ́ọ̀lù náà gba àárín òpó, ojú ọ̀pọ̀ aláṣọ pupa tó wà ní Wembley ti ń lọ sí ọ̀nà ibùdókọ̀. Pẹnárítì kan ni Mikey Lewis rí fi dáhùn. 6 sí 2 ni, ibẹ̀ ló sì wà fún àkókò tó gùn gan-an. Mi ò ní purọ́ pé eré náà lẹ́wà. Bọ́ọ̀lù ń já bọ́ lọ́wọ́ àwọn ará Hull KR níbi tí kò yẹ, wọ́n ń yára nígbà tó yẹ kí wọ́n rọra, Warrington náà sì jókòó lé àmì mẹ́rin bí ẹni tó rò pé ó ti tó. Àṣìṣe ńlá ni wọ́n ṣe níbẹ̀ lójú tèmi, nítorí pé àmì mẹ́rin kò tó ohun tí èèyàn ń dì mọ́ra nínú eré tí tráì kan àti ìgbásọ́pó rẹ̀ jẹ́ mẹ́fà.

Ó ku nǹkan bí ìṣẹ́jú méjì kí Tyrone May tó fi ẹsẹ̀ ti bọ́ọ̀lù náà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ gba ẹ̀yìn àwọn olùdènà. Bọ́ọ̀lù rọ́gbì kì í ṣe róbótó, kò sẹ́ni tó mọ ibi tó máa fò sí, Tom Davies ló sì kọ́kọ́ fọwọ́ bà á mọ́lẹ̀. Ó di 6 sí 6. Gbogbo rẹ̀ wá ku ẹsẹ̀ Lewis. Ọmọ bíbí Hull ni, òun ni wọ́n sì fún ní oyè Man of Steel gẹ́gẹ́ bí agbábọ́ọ̀lù tó peregedé jù ní Super League ọdún 2024. Kì í ṣe iwájú òpó ló ti gbá a. Ibi tí wọ́n bá ti tẹ tráì mọ́lẹ̀ ni ó gbọ́dọ̀ dúró déédéé sí, kó sì fà sẹ́yìn tó bó ti fẹ́. Ó gbé e kalẹ̀, ó wo òpó, ó gbá a, bọ́ọ̀lù náà sì wọlé. 8 sí 6. Ogójì ọdún ìtìjú parí láàárín ìṣẹ́jú méjì.

Àmì ẹ̀yẹ Lance Todd, tí wọ́n máa ń fún ẹni tó tayọ jù nínú àṣekágbá, ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé díẹ̀. Sneyd ni wọ́n fún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ikọ̀ rẹ̀ pàdánù, kò sì sẹ́ni tó gbà á lẹ́ẹ̀mẹta rí ṣáájú rẹ̀. Ó tọ́ sí i, nítorí pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ti Hull KR mọ́ ìgun fún ọ̀pọ̀ àkókò. Ohun tó fi pani lẹ́rìn-ín ni pé Hull FC ló ń gbá fún nígbà tó gba méjì àkọ́kọ́, ní 2016 àti 2017, nítorí náà àwọn aláṣọ pupa ti mọ̀ ọ́n ní ọ̀tá tipẹ́tipẹ́. Sam Burgess, tó jẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá Warrington nígbà náà, pàdánù àṣekágbá yìí lọ́dún méjì léraléra. Ní ti Willie Peters, tó jẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá Hull KR nígbà náà, ife yìí ló ṣílẹ̀kùn fún un: ikọ̀ rẹ̀ ló tún ṣe ipò kìíní nínú Super League, wọ́n sì na Wigan ní 24 sí 6 nínú àṣekágbá líìgì náà ní Old Trafford ní oṣù Kẹwàá.

Ní ti ètò ọjọ́ náà fúnra rẹ̀, oríyìn ló pọ̀ jù. BBC fi àṣekágbá náà hàn láìbéèrè owó àfikún kankan, èyí tó ṣọ̀wọ́n nínú eré ìdárayá ńlá lóde òní. Ẹni tó lọ sí pápá fi tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo wo àṣekágbá àwọn obìnrin, níbi tí Wigan ti na St Helens ní 42 sí 6, ó wo ti àwọn ọkùnrin, ó sì tún wo ti 1895 Cup, tó wà fún àwọn ẹgbẹ́ tí kò sí ní Super League. Àbùkù tí mo rí ni pé Wembley ti tóbi jù fún ìdíje yìí: èrò tó lé ní 63,000 kì í ṣe kékeré, àmọ́ nínú pápá tó gba 90,000, àwọn ìjókòó òkè ṣófo lọ rẹrẹ, ó sì ń bu omi tútù sí ariwo. Mi ò sì rò pé kí wọ́n kó o padà sí àríwá ni ìdáhùn, torí pé ìrìn-àjò sí London yẹn wà lára ohun tí àwọn ará Hull ń sanwó fún.

Ìmọ̀ràn mi fún ọmọ Yorùbá tó bá ń gbé ní London tó sì fẹ́ dán an wò ni kó tètè dé. Lẹ́yìn òde pápá náà ni ère àwọn agbábọ́ọ̀lù líìgì márùn-ún wà, Martin Offiah tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà sì wà lára wọn, ẹni tó sáré láti ìpẹ̀kun pápá kan fẹ́rẹ̀ẹ́ dé èkejì láti gba tráì ní àṣekágbá 1994. Kó mú ẹ̀wù òtútù dání, kó sì ra ohun tó máa jẹ kó tó wọlé, nítorí pé owó oúnjẹ inú pápá kò ṣeé fẹnu sọ. Pàtàkì jù lọ, kó má ṣe bá àwọn tó ń jáde lẹ́yìn eré àwọn ọkùnrin rìn. Ní 2025, àwọn tó ń sáré lọ wọ ọkọ̀ ojú irin kò rí bí York Knights ṣe fi drop goal kan ṣoṣo ré Featherstone Rovers kọjá nínú àṣekágbá 1895 Cup, 5 sí 4, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti sanwó rẹ̀.