Búkà Yemẹtu tí wọ́n ṣì ń fi igi dáná àmàlà: gbẹ̀gìrì wọn ló mú mi kọ èyí

Ẹ̀yin èèyàn mi tẹ́ ẹ máa ń béèrè pé níbo lèèyàn ti lè rí àbùlà gidi jẹ n'Ìbàdàn láìjẹ́ pé ó lọ jókòó síbi tí wọ́n ti ń gba owó AC mọ́ owó oúnjẹ, mo ní ibì kan fún yín o. Yemẹtu ló wà. Tẹ́ ẹ bá ti kọjá ọsibítù Adéọ̀yọ́, tẹ́ ẹ forí lé apá Òkè-Àrẹ̀mọ, ẹ̀bá ọ̀nà náà ni, páànù ni wọ́n fi bo orí ẹ̀, kò sí sáìnbọọ̀dù kankan. Ẹ sáà sọ fọ́lọ́kadà pé ibi tí wọ́n ti ń figi dáná àmàlà, á gbé yín débẹ̀. Tó bá sì jẹ́ pé ẹsẹ̀ lẹ fi ń rìn, èéfín á ti júwe ẹ̀ fún yín kẹ́ ẹ tó dé ọ̀hún. Mo máa sọ ibi tó dáa, mo máa sọ ibi tó kù díẹ̀ káàtó, àmọ́ kí n tètè sọ èyí tó jẹ mí lógún jù: nínú gbogbo ibi tí mo ti jẹun nígboro yìí, mi ò tíì rí gbẹ̀gìrì tó tó tiwọn.

Mo mọ̀ pé tí ọ̀pọ̀ èèyàn bá fẹ́ yin búkà, ẹran ni wọ́n máa ń kà. Wọ́n á ya fọ́tò àwo, ẹ máa rí ògúfe, ṣàkì, rọ́ńdọ́, pọ̀nmọ́, gbogbo ẹ̀ á ti bo ojú àwo pátá, àmàlà gan-an ò ní hàn. Kò burú, èmi náà fẹ́ràn ẹran. Ṣùgbọ́n tí ẹran bá dáa, alápatà ló yẹ ká kọ́kọ́ kí. Iṣẹ́ alámàlà bẹ̀rẹ̀ látorí èlùbọ́, ó wá parí sídìí gbẹ̀gìrì àti ewédú, ibẹ̀ sì ni wàhálà iṣẹ́ yẹn wà, ibẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ búkà ti ń sá báyìí, tí wọ́n wá ń fi ẹran bò ó mọ́lẹ̀ fún wa.

Ẹ jẹ́ ká mú èlùbọ́ ná. Isu ni, gbogbo wa la mọ̀. Wọ́n á bẹ ẹ́, wọ́n á kó o sómi tó gbóná àmọ́ tí ò hó, inú omi yẹn náà ló máa wà mọ́jú, ọjọ́ kejì ni wọ́n á tó lọ sá a sóòrùn, ó lè tó ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún kó tó gbẹ tán, lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e lọ sẹ́rọ. Tí òjò bá ká a mọ́ ibi tí wọ́n sá a sí, á bu, kò sì sí bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ rò ó tí òórùn yẹn ò ní jáde nínú àmàlà. Àwọn kan tún wà tí wọ́n máa ń po láfún mọ́ ọn torí ẹ̀gẹ́ ò wọ́n tó isu, tẹ́ ẹ bá rò ó tán, àwọ̀ ẹ̀ á mọ́ ju bó ṣe yẹ lọ, á sì máa lẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́. Àwọn àgbà ti sọ ọ́, mọ̀ ọ́n gún mọ̀ ọ́n tẹ̀, iyán ewùrà ò ní ṣàì lẹ́mọ, bọ́rọ̀ èlùbọ́ náà ṣe rí nìyẹn, alámàlà ò lè mọ̀ ọ́n rò títí kó sọ èlùbọ́ burúkú di rere.

Mo bi ìyá tó ni búkà yìí léèrè ibi tó ti ń ra tiẹ̀. Ó ní òun kì í ra lílọ̀. Isu gbígbẹ lòun máa ń rà lọ́wọ́ àwọn tó ń kó o wá láti Òkè-Ògùn, apá Ṣakí, òun á jókòó ṣà á fúnra òun, èyí tí kòkòrò ti lu àti èyí tó ti bu, òun á yà wọ́n sọ́tọ̀, òun á wá gbé ìyókù lọ sẹ́rọ, òun á sì dúró tì í títí wọ́n á fi lọ̀ ọ́ tán. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ ronú sí i bó ṣe jẹ́ ìyà tó. Obìnrin tó ti jí ní ìdájí, tó lọ́mọ iṣẹ́, tó lè ní kí wọ́n lọ ra báàgì kan wá ní Bódìjà kí gbogbo ẹ̀ sì parí. Ẹnu àmàlà lẹ ti máa mọ̀ pé kò ṣe bẹ́ẹ̀. Àmàlà wọn dúdú dáadáa, ó ń dán, kò ní yanrìn, kò kan, tẹ́ ẹ bá gé òkèlè ó máa já wẹ́lẹ́, kò ní máa fà tẹ̀lé ọwọ́.

Bí wọ́n ṣe ń rò ó náà wù mí púpọ̀, ẹ wá ibi jókòó sítòsí àdògán kẹ́ ẹ wò ó. Omi á máa hó yaya lórí iná, ìyá náà á ti ìkòkò sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan díẹ̀, á bu èlùbọ́ sí i lẹ́ẹ̀kan náà pẹ̀lú igbá, kò ní rọra máa wọ́n ọn o, ẹ̀ẹ̀kan náà ni, kó tó rí i pé omi ń mu ún ló ti ki ọmọrogùn bọ̀ ọ́, ọmọbìnrin kan á di etí ìkòkò mú pẹ̀lú àkísà, òun á máa rò ó, á máa tẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ìkòkò kí kókó tó bá wà níbẹ̀ lè fọ́. Lẹ́yìn náà á bu omi gbígbóná lé e, á dé e. Ibi tí ọ̀pọ̀ alámàlà ti máa ń kánjú nìyẹn torí pé àwọn kọ́sítọ́mà ti dúró, ebi ń pa wọ́n, wọ́n ń pariwo. Ìyá yìí ò ní dá wọn lóhùn. Ìgbà tó bá jinná lábẹ́ ìdérí yẹn ló máa ṣí i, á tún un rò, ìgbà yẹn ni àwọ̀ ẹ̀ á wá jọ ara wọn délẹ̀délẹ̀. Wọ́n á ti fi omi sínú abọ́ kan, wọ́n á máa ki igbá kékeré bọ̀ ọ́, wọ́n á máa fi gé e sáwo, lóòyì lóòyì, gbogbo ẹ̀ á rí rogodo.

Wọn kì í rò ó pa mọ́ sínú kúlà. Bẹ́yìí bá ti fẹ́ tán, omi míì á ti wà lórí iná. Ẹ̀yin náà mọ bí àmàlà inú ọ̀rá inú kúlà ṣe máa ń rí, á ti làágùn, ìdí ẹ̀ á ti ṣomi, tẹ́ ẹ bá dà á sáwo á tẹ́ pẹrẹsẹ. Tó bá jẹ́ pé ìyẹn lẹ ti ń jẹ látọjọ́ yìí, ẹ ò tíì jẹ àmàlà, ọ̀rọ̀ mi ò lágbára jù.

Ó wá kan gbẹ̀gìrì. Ẹ̀wà ni wọ́n ń rẹ tí wọ́n ń bó, gbogbo eèpo ẹ̀ ló gbọ́dọ̀ kúrò, èyí nìkan tó iṣẹ́ òwúrọ̀ kan. Wọ́n á sè é títí á fi rọ̀ bàjẹ́, wọ́n á wá sẹ́ ẹ nínú asẹ́, wọ́n á da epo pupa, ata, irú àti iyọ̀ sí i, wọ́n á tún gbé e padà síná kó lè jinná pọ̀. Ibi tí wọ́n bá ti ń kánjú, kaun ni wọ́n máa ń rọ́ sí i kí ẹ̀wà lè tètè rọ̀, ẹ̀ẹ́ tọ́ ọ wò, kaun nìkan lẹ máa gbọ́ lẹ́nu. Tàbí kí wọ́n lọ̀ ọ́ tèèpo tèèpo, àwọ̀ ẹ̀ á wá ṣókùnkùn, á máa hanni lọ́fun. Ti ibi yìí ò rí bíi pupa ẹyin agric, pupa ẹyin ìbílẹ̀ gan-an ni, ó kúnná, kò ki, kò ṣàn jù. Irú wooro ló wà níbẹ̀, ẹ lè rí i lójú, ẹ lè fẹyín bù ú. Mo ti ní kí wọ́n bu gbẹ̀gìrì nìkan fún mi rí sínú abọ́ kékeré, mo kọ́kọ́ mu ún láìfi nǹkan kan kún un, ó tó mu bẹ́ẹ̀.

Nǹkan míì tó mú kí n gbà fún wọn ni pé gbẹ̀gìrì kì í pẹ́ kan, pàápàá nínú ooru yìí, ọ̀pọ̀ ibi ló jẹ́ pé tó bá ti di ìrọ̀lẹ́, èyí tó kù lánàá ni wọ́n á pò mọ́ tòní kó má bàa ṣòfò. Wọn ò ṣe irú ẹ̀ níbí. Tó bá tán ó tán nìyẹn, wọ́n á sọ fún yín pé ewédú nìkan ló kù. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan bàbá kan bínú gan-an sí wọn lórí ẹ̀, ó ní báwo ni wọ́n á ṣe máa ta àmàlà n'Ìbàdàn láìsí gbẹ̀gìrì ní aago méjì ààbọ̀. Ọmọbìnrin tó ń bu oúnjẹ kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú bàbá, ẹ tètè wá lọ́la, màá bá yín bu tiyín sílẹ̀." Bàbá yẹn jókòó, ó fi ewédú jẹ ẹ́ tán, ó sì tún gba àfikún.

Ewédú náà, ìjábẹ̀ ni wọ́n fi ń ja á, kì í ṣe blẹ́ńdà. Èyí tí wọ́n fi blẹ́ńdà ṣe á ti yọ́ jù, á dà bí omi tó ní àwọ̀ ewé, èyí tí wọ́n ja ẹ ṣì lè rí ewé nínú ẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Tí wọ́n bá fẹ́ bù ú fún yín, ẹ̀gbẹ́ kan ni gbẹ̀gìrì, ẹ̀gbẹ́ kejì ni ewédú, ọbẹ̀ ata á wá bọ́ sí àárín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí wọ́n má rò ó pọ̀ fún yín, ẹ fọwọ́ yín pò ó bẹ́ ẹ ṣe ń jẹ ẹ́ lọ.

Ẹran ò tó nǹkan tí mo fẹ́ sọ púpọ̀ lé lórí. Ṣàkì wọn mọ́, àbọ́dí wọn jinná, pọ̀nmọ́ nípọn. Ògúfe ni mi ò gbà fún wọn, ó máa ń le jù, ó tún wọ́n, ₦1,500 fún ẹyọ kan tó kéré tó bẹ́ẹ̀, ẹ gba bókótó dípò ẹ̀. Lásìkò òjò ẹ béèrè ìgbín. Àwa tá a jẹ́ ọmọ ajòrò sùn, ọmọ ajẹ̀gbín yó, ọmọ afìkarahun fọ́rí mu, kò yẹ ká máa rí ìgbín níwájú wa ká máa wojú kíndìnrín. Ìtàn àwọn baba wa ni oríkì yẹn ń sọ, nígbà tí ogun tú Ìbàdàn àkọ́kọ́ tí Lágelú tẹ̀ dó, tí wọ́n sá gun orí òkè, tó jẹ́ pé èso òrò àti ìgbín ni wọ́n ń jẹ gbéra, ìkarahun ẹ̀ náà ni wọ́n sì ń fi fọ́ ẹ̀kọ mu. Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà ń fi iyán yangàn, Ìjẹ̀bú ń fi ìkọ́kọrẹ́ yangàn, wọ́n sì ń tọ́jú ẹ̀, inú mi ò dùn sí bí àwa ṣe ń jẹ́ kí gbẹ̀gìrì di oúnjẹ tí wọ́n ń fi àbùjá sè, n'Ìbàdàn níbí.

Ó wá kù síbi tí wọ́n ti ní láti tún ṣe. Èéfín yẹn pọ̀. Tẹ́ ẹ bá wọ aṣọ òde, ẹ má jókòó sọ́wọ́ òsì tẹ́ ẹ bá wọlé, ibẹ̀ ni atẹ́gùn máa ń gbé e lọ, ẹ ò ní tíì jẹun tán tí aṣọ á ti gbọ́ òórùn igi, àwọn tó ń dáná níbẹ̀ gan-an ni àánú wọn ń ṣe mí jù, ojú wọn ti pọ́n, mo sì ti sọ fún ìyá náà pé tó bá lè gbé páànù ẹ̀yìn yẹn sókè díẹ̀, èéfín á ríbi jáde, á sì ṣe gbogbo wọn láǹfààní. Ó ní òun ti gbọ́. Bẹ́ǹṣì ò tó, ẹ̀ẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ máa jókòó lé ara yín lórí lọ́sàn-án, ẹnikẹ́ni tó bá wọlé tó kí yín, "Ẹ bá wa ire o" lẹ máa dá a lóhùn pẹ̀lú òkèlè lẹ́nu, ẹ ó sì sún fún un. Omi ìfọwọ́ náà, abọ́ kan ṣoṣo ni gbogbo èèyàn ń ki ọwọ́ bọ̀, ìyẹn ò dáa rárá, wọ́n nílò kẹ́ẹ̀gì tó ní ẹnu ẹ̀rọ lára kí omi lè máa ṣàn, kò wọ́n, wọ́n sì gbọ́dọ̀ ṣe é kíákíá.

Owó ńkọ́? Àmàlà, ₦300 ni òòyì kan, ọbẹ̀ ò lówó lọ́tọ̀, pọ̀nmọ́ ₦500, ṣàkì ₦700, bókótó ₦1,000. Ẹni tí ò lówó púpọ̀ lọ́wọ́ lè jẹ méjì pẹ̀lú pọ̀nmọ́ kan kó sì yó, wọn ò ní wojú ẹ̀, wọn ò sì ní dín ọbẹ̀ ẹ̀ kù, mo fẹ́ràn wọn fún ìyẹn. Àwọn ọlọ́kadà, nọ́ọ̀sì láti Adéọ̀yọ́, àwọn tó wá tọ́jú aláìsàn wọn, gbogbo wọn ni wọ́n jọ máa ń wà níbẹ̀, ẹni tó bá wá gbé oúnjẹ lọ fún aláìsàn, wọ́n máa ń tètè dá a lóhùn ṣíwájú àwa tá a wà lórí ìlà, kò sí ẹni tó ń jà sí i.

Ẹ mú káàṣì dání, torí nẹ́tíwọ̀kì tíránsífà máa ń yọ èèyàn lẹ́nu ládùúgbò yẹn, wọn ò sì ní jẹ́ kẹ́ ẹ lọ kí álàátì tó wọlé. Àmàlà àkọ́kọ́ máa ń sọ̀ kalẹ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ bá gbẹ̀gìrì, kó ti débẹ̀ kí aago kan tó lù. Wọn kì í ṣí ní Sọ́ńdè, tó bá sì jẹ́ Fúráìdè, ẹ tètè lọ kí wọ́n tó jáde ní Jímọ̀, lẹ́yìn ìyẹn ẹ ò ní rí ibi jókòó.