Mo sọ Raspberry Pi 3 B+ di ẹ̀rọ géèmù àtijọ́: lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ, iná ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà

Oṣù mẹ́jọ rèé tí ẹ̀rọ géèmù tí mo fi Raspberry Pi, kọ̀ǹpútà kékeré kan, fi ọwọ́ ara mi tò ti wà nílé wa n'Íbàdàn. Àwọn ọmọ ń lò ó lẹ́yìn iṣẹ́ àṣetiléwá, èmi náà ń lò ó lálẹ́ Sátidé. Mo ń kọ èyí nítorí pé àwọn tí mo gbọ́ ìmọ̀ràn lẹ́nu wọn kí n tó rà á ń gbé níbi tí iná kì í ti í lọ. Ọ̀rọ̀ tiwa yàtọ̀ pátápátá.

Géèmù tí mo bá dàgbà ni èyí tí wọ́n ń ki kásẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ yẹ́lò bọ̀ lórí, tí a máa ń fẹnu fẹ́ ìdí kásẹ́ẹ̀tì náà kó tó mú. Contra àti Super Mario Bros. ni tiwa nílé. Bó bá jẹ́ Sega, ó di ilé géèmù ní ìparí àdúgbò, níbi tí a ti ń sanwó kí a tó fọwọ́ kan pádì, tí ẹni tí wọ́n bá lù nínú Mortal Kombat yóò sì gbé pádì sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló máa ń san tèmi. Ohun tí mo fẹ́ kí àwọn ọmọ mi rí nìyẹn: kí wọ́n jókòó pọ̀ sórí ẹní kan, kí wọ́n máa gba pádì lọ́wọ́ ara wọn.

Ọdún 2012 ni Raspberry Pi àkọ́kọ́ jáde láti Cambridge nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ṣe é kí àwọn ọmọdé lè fi owó táṣẹ́rẹ́ ní kọ̀ǹpútà tí wọn yóò fi kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. 3 B+ tí mo rà jáde ní 2018, dọ́là 35 sì ni iye tí wọ́n fi gbé e jáde. Títí yóò fi dé ọ̀dọ̀ wa níbí, owó ti gorí owó. Tòkunbọ̀ ni mo rà. Kò tóbi ju káàdì ATM lọ, síbẹ̀ ihò USB mẹ́rin ló wà lára rẹ̀, pẹ̀lú ihò HDMI, ihò AV, Wi-Fi, Bluetooth, àti mẹ́mórì 1GB. Raspberry Pi 4 lágbára jù ú lọ, ṣùgbọ́n ihò HDMI tirẹ̀ kéré, wáyà ọ̀tọ̀ ló ń gbà, ó sì ń jẹ iná jù. Fún géèmù tí mo fẹ́, 3 B+ tó mi.

RetroPie 4.8, ètò tó ń sọ Raspberry Pi di ẹ̀rọ géèmù, tó jáde ní 2022, ni mo gbé sórí rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni. Mo fi ètò kan tó ń jẹ́ Raspberry Pi Imager kọ ọ́ sórí káàdì mẹ́mórì 32GB láti orí láptọ́ọ̀pù, mo ki káàdì bọ ìdí ẹ̀rọ, mo so pádì mọ́ ọn, mo tan án. Yóò ní kí ẹ tẹ bọ́tìnnì pádì mọ́lẹ̀, lẹ́yìn náà yóò máa béèrè lọ́kọ̀ọ̀kan: èwo ni òkè, èwo ni ìsàlẹ̀, èwo ni Start. Bó bá béèrè èyí tí pádì yín kò ní, ẹ tẹ bọ́tìnnì èyíkéyìí mọ́lẹ̀ díẹ̀, yóò fò ó. Ìbéèrè tó kẹ́yìn, Hotkey, ẹ má ṣe fojú kéré rẹ̀. Select ni kí ẹ fún un, nítorí Select pẹ̀lú Start ni yóò máa yọ yín jáde nínú géèmù. Ẹni tí kò bá ṣe é, wáyà iná ni yóò máa fà yọ.

Kò sí géèmù nínú RetroPie o. Àwọn ètò tó ń sín ẹ̀rọ àtijọ́ jẹ ló kó wá. Àwọn tó ni géèmù wọ̀nyí ṣì ní ẹ̀tọ́ lórí wọn, nítorí náà mo dúró sórí àwọn tí mo ní kásẹ́ẹ̀tì tàbí CD wọn, àti àwọn tuntun tí àwọn èèyàn ń ṣe fún ẹ̀rọ àtijọ́ tí wọ́n sì fi tọrẹ. N kò gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti ra káàdì tí wọ́n ti kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún géèmù sí. Mo rí ti ọ̀rẹ́ mi kan: géèmù kan náà wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin, àwọn mìíràn jẹ́ ti èdè Japan, ọmọ kò sì rí èyí tó fẹ́.

Super Mario, Sonic, Street Fighter II, géèmù Game Boy Advance, gbogbo wọn ń sáré bó ṣe yẹ. PlayStation àkọ́kọ́ náà ń lọ dáadáa bí ẹ bá fún un ní fáìlì BIOS rẹ̀, ìyẹn ètò tí PlayStation gan-an fi ń tan. Nintendo 64 ni ibi tó ti ń kọsẹ̀: àwọn kan ń lọ, àwọn kan ń wọ́ bí ìgbín. PSP, àwọn tó fúyẹ́ nìkan. PlayStation 2, ẹ má dá a láṣà.

Tẹlifíṣọ̀n yàrá àwọn ọmọ jẹ́ ti àtijọ́, èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ tóbi, kò ní HDMI. Ihò AV ni mo gbójú lé, ọjọ́ méjì ló sì gbà mí. Wáyà ẹlẹ́nu mẹ́ta tí mo rà kò gbé àwòrán, ariwo ló ń ké. Àwọn wáyà yẹn jọra lójú, ṣùgbọ́n inú wọn kò jọra: ìdí pátápátá lára ẹnu tó ń wọ ihò AV ni Raspberry Pi ń fi àwòrán sí, wáyà kámẹ́rà fídíò sì lè fi í síbòmíràn. Mo ki ẹnu pupa bọ ihò yẹ́lò, àwòrán yọ. Àmọ́ dúdú àti funfun ni. NTSC, ìlànà àwòrán tẹlifíṣọ̀n ti Amẹ́ríkà, ni ẹ̀rọ náà ń lò bí a kò bá sọ fún un. PAL ni tiwa ní Nàìjíríà. Mo ṣí fáìlì config.txt lórí káàdì, mo kọ sdtv_mode=2, ìyẹn PAL, sí i, mo tún un tan, àwọ̀ dé. Ojú mi fẹ́ràn àwọn géèmù yìí lórí tẹlifíṣọ̀n yẹn ju ti pẹlẹbẹ lọ. Irú rẹ̀ ni wọ́n yà wọ́n fún.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ iná.

Ṣájà fóònù ni mo kọ́kọ́ fi tan án. Mànàmáná yẹ́lò kékeré kan ń yọ ní igun tẹlifíṣọ̀n, mo rò pé ara géèmù ni. Ìkìlọ̀ ni. Iná tó ń wọlé ti rẹlẹ̀ ju 4.63V lọ, ẹ̀rọ náà sì ń dín eré ara rẹ̀ kù, ìdí nìyẹn tí ohùn Sonic fi ń já. 5.1V àti 2.5A ló yẹ kó jẹ. Ṣájà mi kò ju 1A lọ, wáyà rẹ̀ sì tín-ín-rín débi pé díẹ̀ nínú iná náà ń ṣòfò lójú ọ̀nà. Mo ra ṣájà tirẹ̀ gan-an, mànàmáná kò yọ mọ́.

Èyí tó dùn mí jù ṣẹlẹ̀ ní oṣù kejì. Ọmọbìnrin mi ń fi ibi tó dé nínú géèmù pamọ́ lọ́wọ́ ni wọ́n mú iná lọ. Nígbà tí iná dé, ọ̀rọ̀ funfun ló kún ojú tẹlifíṣọ̀n, kernel panic ló sì fi parí, ìyẹn ni pé ètò tó ń darí ẹ̀rọ náà ti dákú. Bí iná bá já nígbà tí ẹ̀rọ ń kọ nǹkan sórí káàdì, ohun tó wà níbẹ̀ lè dàrú débi pé kò ní tan mọ́. Gbogbo ibi tí àwọn ọmọ ti dé láti ìbẹ̀rẹ̀ ló lọ. Ọmọ náà sunkún títí ó fi sùn.

Páwà báǹkì ló yọ wá. Ẹ̀rọ yìí kì í jẹ iná púpọ̀, èyí tó jẹ́ 20,000mAh ń gbé e fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo páwà báǹkì ló dára fún un. Ẹ wá èyí tó lè máa gba iná kó sì máa fún ẹ̀rọ níná lẹ́ẹ̀kan náà láìjá. Èyí tí mo kọ́kọ́ rà máa ń ṣẹ́jú nígbàkígbà tí iná bá lọ tàbí tó bá dé, ṣíṣẹ́jú yẹn sì ti tó láti pa ẹ̀rọ náà. Èkejì dúró gbọin. Nísinsìnyí, bí iná bá lọ, tẹlifíṣọ̀n nìkan ló ń kú. Raspberry Pi ṣì wà láàyè. Mo ti so ó mọ́ MiFi wa tó ní bátìrì tirẹ̀, mo sì fi SSH, ọ̀nà tí a fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà láti orí ẹ̀rọ mìíràn, wọ inú rẹ̀ láti orí fóònù, mo kọ sudo shutdown now, ó pa ara rẹ̀ bó ṣe yẹ láìsí pé mo rí ojú tẹlifíṣọ̀n. Ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan, mo máa ń da gbogbo káàdì náà kọ sórí láptọ́ọ̀pù. Káàdì kejì tó ti ṣetán wà nínú dúrọ́ọ̀, ọjọ́ tí mo kọ ọ́ wà lára rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi wá kí wa ní àsìkò Kérésì. Mo gbé pádì fún un, mo ṣí Contra. Kò sọ nǹkan kan. Àtàǹpàkò rẹ̀ lọ: òkè, òkè, ìsàlẹ̀, ìsàlẹ̀, òsì, ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, B, A, Start, a sì ní ẹ̀mí 30, lẹ́yìn ọdún tó lé ní ogún tí ó ti fọwọ́ kàn án gbẹ̀yìn. Àwọn ọmọ ní kí ó kọ́ àwọn, ó sì jókòó sílẹ̀ lórí ẹní títí di aago mọ́kànlá. Kó tó lọ, ó ní, "Àbúrò, bá mi ṣe irú èyí fún ilé wa l'Ékòó." Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í ra ẹrù rẹ̀. Ṣájà àti páwà báǹkì ni mo kọ́kọ́ rà.