Họ́ọ̀lù ni àbí kánópì níwájú ilé? Ìfiwéra fún ẹni tó fẹ́ ṣègbéyàwó ní Òṣogbo

Kí ẹ tó béèrè iye tí họ́ọ̀lù kankan ń gbà, ẹ kọ orúkọ àwọn tó ń bọ̀ sílẹ̀, kí ẹbí ọkọ àti ẹbí ìyàwó jọ fọwọ́ sí i. Iye èrò ló ń sọ iye ìrẹsì, iye àga àti ibi tí ẹ máa lò. Ẹni tó bá kọ́kọ́ sanwó họ́ọ̀lù ńlá, á máa wá èèyàn tó máa kún un ni.

Họ́ọ̀lù dára: òjò ò lè da àlejò rú, àyè ìgbọ́kọ̀sí sì wà. Ṣùgbọ́n iye tí wọ́n bá kọ́kọ́ pè kọ́ ni gbogbo owó. Ṣé àga àti tábìlì wà nínú ẹ̀? Ta ló ń ra dísù sí jẹnẹrétọ̀? Aago mélòó ni ẹ gbọ́dọ̀ jáde? Ṣé wọ́n máa gbowó lọ́wọ́ alásè tí ẹ bá mú wá láti ìta? Kí wọ́n kọ ọ́ sínú rìsíìtì.

Ní ti kánópì, ilé òbí ìyàwó náà ni ìdána máa ti wáyé, kí ló dé tí a ò ní jẹ, ká mu níbẹ̀ lọ́jọ́ kan náà? Mo máa ń bẹ àwọn ọmọ wa pé kí wọ́n pa méjèèjì pọ̀. Kánópì kan ń gba bí àga 50. Fún èèyàn 150, ẹ gba mẹ́rin, torí àwọn tó ń dáná náà nílò ìbòòji. Ẹ ní kí wọ́n ta á lójú yín ní ọ̀sán, kí ẹ dúró sábẹ́ ẹ̀, kí ẹ wòkè: ibi tí oòrùn bá ti yọ lójú rírán, ibẹ̀ ni òjò máa gbà wọlé. Láti oṣù kọkànlá dé oṣù kejì, tí èèyàn ò bá tó 200, kánópì ni mo fara mọ́. Tó bá jẹ́ oṣù kẹfà, oṣù keje tàbí oṣù kẹsàn-án, ẹ san ti họ́ọ̀lù. Oṣù kẹjọ ni ọdún Ọ̀ṣun. Ẹni tó ní àlejò ọ̀nà jíjìn kó tètè gba yàrá òtẹ́ẹ̀lì, tàbí kó yan oṣù mìíràn.

Oúnjẹ: alásè tó ń gbowó lórí àwo kọ̀ọ̀kan wọ́n, àmọ́ ẹ máa sùn. Èyí tó dínwó ni kí ẹ fúnra yín ra ọjà ní Ọjà Ọba, kí ẹ san owó iṣẹ́ nìkan fún alásè. Ẹ kọ́kọ́ yan ìyá kan tó máa di kọ́kọ́rọ́ yàrá oúnjẹ mú, tí ẹnikẹ́ni ò lè fi ojú àánú gbà á lọ́wọ́ ẹ̀.

Léèsì fún aṣọ ẹbí? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi gbèsè sí àwọn èèyàn lọ́rùn. Ìlú aró la wà. Ẹ ra àdìrẹ lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣe é. Ẹ fi aṣọ funfun tútù nu etí ẹ̀: tí aró bá dà sí i púpọ̀, kí wọ́n tún un ṣàn kí ẹ tó sanwó. Fún àwọn ọ̀rẹ́, fìlà àti gèlè tó.

Tí ẹ bá fẹ́ ìwé ẹ̀rí kóòtù, ẹ tètè lọ. Ìkéde pé ẹ fẹ́ fẹ́ra yín, tí ẹ máa fi sílẹ̀ níbẹ̀, gbọ́dọ̀ pé ọjọ́ 21, ìgbéyàwó náà sì gbọ́dọ̀ wáyé kí oṣù 3 tó pé sí ọjọ́ tí ẹ fi ìkéde sílẹ̀.