Dosa Ọjọ́ Sátidé: Ẹ Jẹ Ẹ́ Lórí Ìdúró

Ọ̀rọ̀ kan ni mo fẹ́ sọ nípa tọkọtaya kan tó ń ta dosa ní London, ìyẹn oúnjẹ Íńdíà pẹlẹbẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n ń dín lórí irin: oúnjẹ wọn dáa gan-an, ṣùgbọ́n ìdí iná ni ẹ ti gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́. Ẹni tó bá ní kí wọ́n dì í sínú páálí kí òun máa gbé e lọ sílé, owó rẹ̀ ló ń fi ṣòfò, kò sì yẹ kó wá máa sọ káàkiri pé dosa wọn rọ̀ bí ó ṣe rọ̀. Mo ka ohun tí àwọn èèyàn ń kọ nípa wọn lórí Google, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń bínú ló jẹ́ pé ilé ni wọ́n ti jẹ ẹ́. Oru ara rẹ̀ ló ń mú dosa rọ̀ nínú páálí. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, gbogbo bó ṣe ń dún kẹ́ẹ́kẹ́ẹ́ lẹ́nu ti tán.

Ìpínlẹ̀ Karnataka, ní gúúsù Íńdíà, ni tọkọtaya náà ti wá. Wọn ò ní ilé oúnjẹ tiwọn. Àgbàlá ẹ̀yìn ilé ọtí kan ní gúúsù ìlà-oòrùn London ni wọ́n ń pàtẹ sí lọ́jọọjọ́ Sátidé, irú èyí tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní pop-up. Bí ilé ọtí bá ní àlejò tirẹ̀, wọn á kó ẹrù wọn lọ síbòmíràn, wọn á sì fi àdírẹ́sì rẹ̀ sórí Instagram lálẹ́ Jímọ̀. Ẹ̀yin tó ń gbé ní apá Lewisham àti Deptford á ti mọ àwọn tí mò ń sọ. Ọkọ ló ń dín dosa lórí páànù irin pẹrẹsẹ méjì. Ìyàwó ló ń gba owó, òun náà ló ń bu ọbẹ̀. Àwọn ọmọ Íńdíà tó bá wà lórí ìlà ń pè é ní Akka, ìyẹn ẹ̀gbọ́n obìnrin. Èmi náà ń pè é bẹ́ẹ̀, torí ẹnu mi ò gbà kí n máa la orúkọ mọ́ ẹni tó jù mí lọ lórí.

Kí n tó sọ ti ìtọ́wò, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nínú rẹ̀, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ju àwọn tó ń ra ìyẹ̀fun inú ọ̀rá lọ. Ìrẹsì àti urad ni. Urad yìí, ẹ̀wà wẹ́wẹ́ kan ni, èèpo rẹ̀ dúdú, inú rẹ̀ funfun. Bí ìrẹsì bá jẹ́ ìwọ̀n 3 tàbí 4, urad á jẹ́ 1, wọn á wá fi hulba díẹ̀ sí i. Wọ́n á rẹ ìrẹsì lọ́tọ̀, wọ́n á rẹ urad lọ́tọ̀, fún nǹkan bíi wákàtí 4 sí 6. Ẹ̀rọ olókùúta tí wọ́n gbé wá láti Íńdíà ni wọ́n fi ń lọ̀ ọ́. Òkúta náà ń yí pẹ̀lẹ́, kò ní mú kí ó gbóná bí ẹ̀rọ ìlọta ọlọ́bẹ tí a ní nílé. Lẹ́yìn èyí, wọ́n á pò wọ́n pọ̀, wọ́n á fi sílẹ̀ mọ́jú kí ó kan. Wọn kì í fi yíìsì sí i. Ohun tí ń mú un kan ti wà lára hóró náà fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá ti bá ìyá rẹ̀ sẹ́ ògì rí, bó bá ń kọjá lẹ́bàá bọ́kẹ́ẹ̀tì wọn, imú rẹ̀ á ti sọ fún un.

Ibi tí òtútù London ti ń bá wọn jà nìyí. Ní gúúsù Íńdíà, òru kan ti tó kí ó fi kan dáadáa kí ó sì wú. Ní oṣù kìn-ín-ní níbí, ó lè di ọ̀sán ọjọ́ kejì kó má tíì wú. Ọkọ sọ fún mi pé inú ààrò ìdáná ni àwọn ń gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì sí, àwọn ò ní tan ààrò náà, gílóòbù inú rẹ̀ nìkan ni àwọn ń tàn. Síbẹ̀, dosa ìgbà òtútù wọn kì í kan tó ti ìgbà ooru, kì í sì í pọ́n dáadáa. Bí ẹ bá jẹ ẹ́ ní oṣù kejì tí kò wù yín, ẹ padà lọ ní oṣù kẹfà kí ẹ tó dájọ́.

Ẹ dúró síbi tí ẹ ó ti máa rí ọwọ́ rẹ̀. Ó kọ́kọ́ wọ́n omi sórí irin. Omi á hó ṣáà, á fò, á gbẹ. Bó bá ti gbẹ kíákíá jù, irin ti gbóná jù nìyẹn. Á tún wọ́n òmíràn, á fi aṣọ tútù nù ún. Irin tó gbóná jù á mú kí ó dì lójú ẹsẹ̀, á lẹ̀ mọ́ ìdí ṣíbí, kò ní tẹ́. Ó wá bu ìwọ̀n ṣíbí ńlá kan, ó dà á sáàárín gbùngbùn, ó fi ìdí ṣíbí náà yí i láti àárín bọ́ sí etí, yípo-yípo, láìgbé ọwọ́ sókè, títí ó fi fẹ̀ ju àwo ìjẹun lọ. Ọwọ́ rẹ̀ kì í tẹ̀ ẹ́ rárá. Ghee ló kàn, ìyẹn bọ́tà tí wọ́n ti yọ́ tí wọ́n sì ti yọ omi àti wàrà kúrò lára rẹ̀. Ó ń wọ́n ọn yíká etí pẹ̀lú ṣíbí kékeré. Ihò wẹ́wẹ́ á yọ lójú rẹ̀, funfun á di pupa rẹ́súrẹ́sú, etí á bẹ̀rẹ̀ sí í gbéra fúnra rẹ̀. Ojú kan ló ń dín, kì í yí i padà. Nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta ni gbogbo rẹ̀, ó sì ń ṣe èyí lórí páànù méjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Masala dosa ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń rà. Udupi, ìlú tẹ́ńpìlì Krishna tó wà létí òkun Karnataka, ni òkìkí rẹ̀ ti tàn káàkiri. Pòtétò tí wọ́n fọ́ díẹ̀ ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú àlùbọ́sà, ata ilẹ̀ pupa, hóró mústádì tí wọ́n ti jẹ́ kó ta nínú òróró, àti ewé kọ́rí tiwọn, tí kì í ṣe ewé kọ́rí tí à ń gé sí ọbẹ̀ nílé. Ó dáa. Ṣùgbọ́n Mysore masala ni mo ń rà, òun ni mo sì ń sọ fún gbogbo ọmọ Yorùbá tó bá bi mí léèrè. Kí wọ́n tó fi pòtétò sí i, wọ́n á fi ata gbígbẹ pupa tí wọ́n lọ̀ mọ́ aáyù pa inú rẹ̀ láti etí dé etí. Ata náà á jẹ mọ́ dosa lórí iná. Ẹ ó mọ̀ pé ẹ jẹ ata. Èyí tí wọ́n ń fi bọ́tà gidi dín, benne dosa ti ìlú Davanagere, nípọn díẹ̀ ó sì rọ̀ nínú. Àwọn ọmọdé fẹ́ràn rẹ̀, èmi rí i pé bọ́tà rẹ̀ ti pọ̀ jù.

Ṣé ó ń yóni? Ìbéèrè tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kọ́kọ́ bi mí nìyẹn nígbà tí mo mú un lọ. Ó wo dosa, ó ní, “Afẹ́fẹ́ lẹ ń tà fún wa.” Kò sì fẹ́ràn kíkan rẹ̀ nígbà tó kọ́kọ́ bù ú sẹ́nu. Nígbà tó dé ibi tí ata wà, ó dákẹ́, ó jẹ ẹ́ tán, ó ní kí n lọ ra òmíràn wá. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni pé ẹyọ kan kò tó fún ẹni tí ebi ń pa gidi. Ẹ fi vada méjì kún un. Vada dà bí àkàrà, urad náà ni wọ́n fi ń ṣe é, wọ́n ń dá ihò sí i láàárín kí inú rẹ̀ lè jinná.

Sambar, ọbẹ̀ tí wọ́n fi ń jẹ dosa, ni èmi àti wọn kò tíì fi gbọ́ ara wa yé. Ẹ̀wà toor ni wọ́n fi ń sè é, wọ́n ń fi omi àjàgbọn sí i kí ó kan, èso mọ̀ríńgà gígùn sì wà nínú rẹ̀ tí wọ́n gé wẹ́wẹ́. Ẹ ó fi eyín fa inú rẹ̀ jẹ, ẹ ó tu háhá rẹ̀ dànù. Láàárọ̀, ọbẹ̀ náà ki, ó ń ta sánsán. Tó bá fi di aago kan ọ̀sán, ó ti ṣàn bí omi, ó hàn gbangba pé wọ́n ti bu omi lé e kí ó lè kárí. Kò yẹ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó dé lọ́sàn-án, iye kan náà ló san. Mo ti sọ ọ́ fún Akka lójúkojú, ó ní àwọn á wá ìkòkò tó tóbi ju èyí lọ. Títí di ìsinsìnyí, ìkòkò àtijọ́ náà ni mo ń rí.

Àríyànjiyàn mìíràn tún wà lórí sambar yìí. Bàbá kan tó jẹ́ ọmọ Tamil, tí mo sábà máa ń bá lórí ìlà, ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá fetí sí i pé wọ́n ń ba sambar jẹ́, ó ní ó dùn jù. Àwọn ọmọ Karnataka á ní kí ó fi wọ́n sílẹ̀. Ọ̀nà Udupi ni, ṣúgà pupa tí wọ́n ń sè láti ara ìrèké wà nínú rẹ̀, àwọn ará Tamil Nadu, ìpínlẹ̀ àwọn ọmọ Tamil tó bá Karnataka pààlà, kì í sì í sábà fi í sí tiwọn. Ẹ fi èyí sọ́kàn bí ẹ bá rí ẹni tó kọ ọ́ pé adùn sambar wọn kì í ṣe ojúlówó: ojúlówó ni, ibi tó ti wá ló yàtọ̀. Bàbá náà sì ń padà wá ní tirẹ̀. Chutney àgbọn kò ní ẹjọ́ nínú rárá, àgbọn tútù ni wọ́n ń lọ̀, wọ́n á da òróró gbígbóná tó ní mústádì, ata gbígbẹ àti ewé kọ́rí lé e lórí. Ẹ béèrè fún àlékún, wọn kì í gba owó lé e.

Fún àwọn tí ara wọn kò gba àlìkámà, ẹ ṣọ́ra. Dosa fúnra rẹ̀ kò ní àlìkámà nínú, àwọn èèyàn sì ti gbà pé gbogbo oúnjẹ orí tábìlì náà ló rí bẹ́ẹ̀. Inú sambar ni hing ń wà, oje gbígbẹ láti ara gbòǹgbò ewéko kan, tó ń rùn, tí wọ́n ń lọ̀ fún òórùn ọbẹ̀, ìyẹ̀fun àlìkámà ni wọ́n sì máa ń pò mọ́ ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń tà nínú agolo. Obìnrin kan tí àìsàn rẹ̀ kò jẹ́ kó lè jẹ àlìkámà béèrè lójú mi. Akka kò fi ẹnu lásán dá a lóhùn. Ó gbé agolo hing jáde, ó ní kí ó ka ara rẹ̀. Àlìkámà wà níbẹ̀. Obìnrin náà jẹ dosa pẹ̀lú chutney nìkan, ó sì dúpẹ́. Ohun tí mo rí yẹn ni mo fi fọkàn tán wọn ju ìwé ìmọ́tótó 5, ìyẹn máàkì tó ga jù, tó lẹ̀ mọ́ ara tábìlì wọn lọ.

Ìlà wọn gùn, mi ò ní purọ́ fún yín. Páànù méjì kò tó fún èrò yẹn, bẹ́ẹ̀ ẹnì kan lè dé iwájú kó ní òun ń ra dosa mẹ́jọ. Ohun tó ń dùn mí jù ni pé wọn kì í ka èèyàn mọ́ bọ́kẹ́ẹ̀tì. Mo ti dúró pẹ́ rí, mo sún, mo sún, mo ku èèyàn díẹ̀ kí n débẹ̀, wọ́n ní ó ti tán. Nọ́ọ̀sì kan tó ti ibi iṣẹ́ òru bọ̀ wà lẹ́yìn mi, ojú rẹ̀ ti pọ́n, ó kàn wò wọ́n ni, ó lọ. Tálì ni ó yẹ kí wọ́n máa pín láti àárọ̀, ìwọ̀n tí bọ́kẹ́ẹ̀tì bá lè gbé, kí ẹni tí kò bá rí gbà tètè mọ ọ̀nà ilé rẹ̀. Bí ẹ bá sì jẹ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún, kò dájú pé ẹ ó jọ jẹun lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tí tirẹ̀ bá jáde, kó jẹ ẹ́ lójú ẹsẹ̀, kó má dúró de àwọn yòókù.

Ti owó ńkọ́? Mysore masala jẹ́ £9.50, èyí tí kò ní nǹkan nínú jẹ́ £7. Ní Tooting tàbí East Ham, ní London kan náà, ẹ ó rí dosa tó dínwó ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ ó sì jókòó sórí àga, kí wọ́n gbé e wá bá yín lórí àwo irin. Àwọn tó mọ India Club, ilé oúnjẹ Íńdíà àtijọ́ tó wà ní títì Strand, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1951 tí wọ́n sì tì í pa ní oṣù kẹsàn-án 2023, á máa sọ fún yín pé dosa kò tíì wọ́n báyìí nígbà yẹn. Mo gbà fún wọn. Síbẹ̀, mo ti jẹ ẹ́ ní Tooting, mo ti jẹ ẹ́ ní East Ham, èyí tó fẹ́lẹ́ létí tó sì rọ̀ láàárín bíi ti ọkùnrin yìí ṣọ̀wọ́n. Ẹni tó bá ń wá ìjókòó àti ìrọ̀rùn, kó gba Tooting lọ. Ẹni tó bá ń wá dosa, kó wá tò sórí ìlà.

Ẹ má fo kọfí wọn. Ó ti máa ń ro láti òru nínú asẹ́ irin, chicory, gbòǹgbò ewéko kan tí wọ́n yan tí wọ́n sì lọ̀, wà nínú rẹ̀, wàrà gbígbóná àti ṣúgà ni wọ́n ń fi pò ó, Akka á máa dà á láti ife sínú abọ́ kékeré, láti abọ́ padà sínú ife, lókè réré, títí ó fi yọ ìfófòó. Ó lágbára, ó sì dùn.

Káàdì nìkan ni wọ́n ń gbà. Aago mọ́kànlá ni wọ́n ń ṣí, ẹ gbìyànjú kí ẹ ti débẹ̀ kí ó tó lù. Òrùlé kò sí lórí àgbàlá náà, ẹ mú agbòjò dání. Mysore masala kan, vada méjì ní £3.50, kọfí kan ní £2.50: gbogbo rẹ̀ jẹ́ £15.50.